Èmi Ni Mo Gbé Lẹ́tà Ọmọ Mi Pamọ́

Comfort Olúrẹ̀mílẹ́kún Àṣàkẹ́, ọmọ Ọ̀wọ̀, ọmọ ilé onílẹ̀kùn kékeré tí olówó ń bẹ̀rẹ̀ wọ̀, ọmọ a-gbin-iṣu-má-gbàgbé-àlejò, Àṣàkẹ́ adúmáadán tí eyín rẹ̀ funfun kinkin, tíṣà tí í fi ẹfun kọ̀wé sójú pátákó bí ẹni ń hun ẹní, àkọ́bí mi, ẹni tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta rọbí rẹ̀. Ó ti kú. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni. Èmi ìyá rẹ̀ ṣì wà, mo ń jẹun, mo ń mí, mo ń dáhùn bí wọ́n bá kí mi...

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ tó wà lọ́rùn mi, nítorí n kò rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún nínú ilé tí mo wà. N kò ní í fi orúkọ ara mi sí i. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà ní ilé-ìwé ìjọ l'Ọ́wọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ ilé wa bá wọ inú Yorùbá tí mo ń kọ yìí, ẹ má bínú. Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ọ́. Ẹni tó máa ń bá mi kọ lẹ́tà tẹ́lẹ̀ ni ẹni tí mo ṣẹ̀.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Èmi ni mo ba ẹ̀kọ́ ọmọ mi jẹ́. Kì í ṣe ọkọ rẹ̀. Kì í ṣe ìjọba. Kì í ṣe ilé-ìwé tí gbogbo èèyàn ń bú. Èmi ni.

Láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú ni mo ti wà lọ́dọ̀ Comfort àti ọkọ rẹ̀, Samuel, ní ìletò kan lápá Ọ̀sẹ̀, kò jìnnà sí Arímogíjà. Ọmọ Àkókó ni Samuel, wolé-wolé ni lábẹ́ ìjọba, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, n kò ní ẹjọ́ kankan láti rò nípa rẹ̀. Tíṣà ni Comfort, Grade Two ló ní. Láyé ìgbà yẹn, wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri pé Grade Two kò ní í tó mọ́, pé tíṣà tí kò bá ní ìwé-ẹ̀rí tó jù ú lọ, ẹ̀yìn ni yóò máa wà. Ọmọ mẹ́ta ló ní nígbà náà, èyí tó kéré jù ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, báwo ni yóò ṣe gbéra lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì? Ìgbà yẹn ló rí i nínú ìwé ìròyìn pé ilé-ìwé kan wà tí èèyàn lè ṣe nínú yàrá rẹ̀. Wọn yóò fi ìwé ránṣẹ́ sí ọ láti póòsì, ìwọ yóò kà á, ìwọ yóò dáhùn ìbéèrè tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìwọ yóò dá a padà sí póòsì, tíṣà tí o kò rí rí yóò fi bíírò pupa máàkì rẹ̀, yóò sì tún dá a padà sí ọ. Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n á tún máa kọ́ wọn lórí rédíò. Comfort á jókòó ti rédíò náà, ọmọ ń mu ọmú lọ́wọ́ òsì, bíírò wà lọ́wọ́ ọ̀tún, bí ọmọ bá sunkún lásìkò yẹn gbogbo ilé ló máa sá lọ gbé e.

Kí ni wọn kò sọ? Hẹdimásítà wọn, Emmanuel, ní tíṣà tí kò lè nà ọ́, kí ló fẹ́ kọ́ ọ. Festus káfíńtà ní òun ti gbọ́ ilé-ìwé onípákó, òun ti gbọ́ ti alámọ̀, òun kò gbọ́ ti aláfẹ́fẹ́ rí, nítorí ó gbà pé inú rédíò ni wọ́n ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, òun náà lọ gba fọ́ọ̀mù. Ìyá Alice tó ń ta kẹrosíìnì bi Comfort léèrè lójú gbogbo èèyàn pé bí ọ̀rọ̀ kan kò bá yé e, tó sì bi rédíò náà ní ìbéèrè, ṣé yóò dá a lóhùn. Comfort ní, ẹ̀yin Ìyá Alice, ẹ̀yin tí ẹ ti ń bi Bàbá Alice ní ìbéèrè láti ọjọ́ yìí, ṣé ó ti dá yín lóhùn? Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn, ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín ni. Èmi ni n kì í lè rẹ́rìn-ín. Yunifásítì Inú Ẹ́ńfílóòpù ni wọ́n sọ ilé-ìwé ọmọ mi, ó sì ń dùn mí dé egungun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí lẹ́tà ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa kí ó lè yé yín. Kò sí póòsì ní ìletò wa. Bàbá Josiah, kátíkíìsì wa, ló máa ń lọ kó lẹ́tà gbogbo ìjọ ní Ọ̀wọ̀, nínú àpótí póòsì ìjọ, yóò dì wọ́n sínú àpò aṣọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìkéde, kí a tó ṣe oore-ọ̀fẹ́, yóò dúró níwájú pẹpẹ, yóò máa pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí a bá pè yóò dáhùn, yóò jáde, yóò kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Bí ẹni náà kò bá sí, ará ilé rẹ̀ yóò bá a dáhùn. Kò sí ẹni tí kì í mọ ẹni tó kọ̀wé sí ẹnì kejì rẹ̀. Lẹ́tà àwọn èèyàn yòókù tẹ́ẹ́rẹ́, tèmi kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Ti Comfort tóbi, ó ní àwọ̀ ilẹ̀, ó wúwo, ó sì ń dé léraléra. Bàbá Josiah á kọ́kọ́ gbé e sókè, á wọ̀n ọ́n wò lọ́wọ́, á ní, Tíṣà Comfort, ilé-ìwé rẹ ti dé o, wá gbé e. Gbogbo ìjọ á bú sẹ́rìn-ín, àwọn akọrin á máa wúkọ́ tí kì í ṣe ikọ́.

Nígbà tí ó di ọdún kejì, máàkì tó ń gbà dára. Mo rí bíírò pupa náà fúnra mi. Mo wá rò ó pé ìtìjú ni ohun tí à ń ṣe yìí. Nígbà tí bàbá mi Joel mú mi lọ sí ilé-ìwé, iṣu ló kọ́kọ́ rù lọ sílé Tíṣà Abraham. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe. Tíṣà tí kò tíì jẹ iṣu rẹ, kò tíì gba ọmọ rẹ. Ọkùnrin kan wà níbì kan tó ń jókòó ka ìwé ọmọ mi láti ọdún méjì, tó ń tún un ṣe, tó ń gbà á níyànjú, ẹnì kankan nílé wa kò sì tíì sọ fún un pé ẹ kú iṣẹ́. Mo ní èmi yóò lọ kí i. N kò sọ fún Comfort. Ní ọjọ́ ọjà Ọ̀wọ̀, mo di iṣu tuntun mẹ́ta, mo fi ọ̀yà gbígbẹ kan lé e, mo dì í sínú apẹ̀rẹ̀, mo wọ mọ́tò, mo lọ sí póòsì. Mo tò sórí ìlà bí àwọn èèyàn ṣe tò. Nígbà tí ó kàn mí, mo sọ fún akọ̀wé tó wà níbẹ̀ pé tíṣà tó ń máàkì ìwé ọmọ mi ni mo mú nǹkan wá fún, orúkọ rẹ̀ nìyí nínú tákàdá. Ọmọkùnrin náà wo apẹ̀rẹ̀, ó wò mí, ó pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti inú. Ó wá bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, Màmá, ṣé orí iṣu kọ̀ọ̀kan ni kí a lẹ sítáǹbù mọ́, àbí ọ̀yà nìkan ni yóò bá wọn san án?

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Dorcas tí a jọ wà nínú Ẹgbẹ́ Ìyá wà lórí ìlà náà, òun ló rẹ́rìn-ín pẹ́ jù. Mo gbé ẹrù mi padà sínú mọ́tò. Kí n tó délé, ìròyìn ti délé. Ní ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìyá, Dorcas dìde, ó fi hàn wọ́n bí mo ṣe gbé ọ̀yà náà lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ wá sí ìsàmì. Ìyá Sítáǹbù ni wọ́n ń pè mí láti ọjọ́ yẹn. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà, mo ti ní ọmọ-ọmọ, ọmọ tí mo gbẹ̀bí rẹ̀ ń pè mí ní Ìyá Sítáǹbù.

Mo lọ bá Bàbá Josiah lẹ́yìn ìsìn. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó má ṣe pe orúkọ ọmọ mi níwájú pẹpẹ mọ́, kí ó máa fún mi ní lẹ́tà rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé ìmúra. Ó gbà. Comfort ní kò burú, kí Ìyá máa bá òun gbà á. Bí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ mi kọjá nìyẹn, èyí tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde.

Ọdún kẹrin ni lẹ́tà yẹn dé. Òjò ń rọ̀. Comfort àti Samuel ti lọ sí Ìdóàní fún ìdúpẹ́ ọ̀rẹ́ wọn kan. Bàbá Josiah fún mi, mo rí i pé kò nípọn, kì í ṣe ìwé kíkà ló wà nínú rẹ̀. N kò mọ ohun tó wọ̀ mí lórí. Mo ń se iṣu, mo gbé e lé ooru ìkòkò, ẹnu rẹ̀ ṣí. Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìwé mẹ́ta tí mo kà kò kéré tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi rí Ìbàdàn níbẹ̀. Mo rí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo rí Ọ́gọ́ọ̀sì. Mo rí ìdánwò, mo sì rí i pé ìdánwò ìkẹyìn ni. Wọ́n ní kí ó wá jókòó níwájú àwọn tíṣà rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ó ṣe ìdánwò rẹ̀, kí ó parí.

Mo gbé e pamọ́.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi sọ fún ara mi pé nítorí ilé rẹ̀ ni. Comfort ti mọ̀ pé wọn yóò pe òun lọ́jọ́ kan, Samuel sì ti sọ ọ́ létí mi pé òun kò rí bí ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta yóò ṣe lọ sun ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní Ìbàdàn. Ìyá Samuel sì ti ń ránṣẹ́ láti Àkókó pé ọmọbìnrin kan wà tí ó lè fẹ́. Mo ní mo ń dáàbò bo ọmọ mi ni. Irọ́ ni... ó jẹ́ òótọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ohun tó wà nínú mi gan-an, tí n kò tíì sọ fún Ọlọ́run pàápàá, ni pé mo fẹ́ kí ilé-ìwé náà jẹ́ irọ́. Ilé-ìwé tí kò gba iṣu lọ́wọ́ mi. Ilé-ìwé tó sọ mí di ẹni ẹ̀rín. Mo fẹ́ kí ó parẹ́ kí wọ́n má pè mí ní Ìyá Sítáǹbù mọ́. Ìyá wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn, ìyá wo?

Comfort dúró. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi yóò bi mí pé, Ìyá, Bàbá Josiah kò fún yín ní nǹkan kan? N ó ní kò fún mi. Ó kọ̀wé sí wọn láti béèrè, ó gbé e fún mi kí n fún Bàbá Josiah. N kò fún un. Ó kọ òmíràn, ó tún kọ ẹ̀kẹta. N kò fún un. Lẹ́tà mẹ́ta ọmọ mi ló wà nínú àpótí mi pẹ̀lú èyí tó ti Ìbàdàn wá, lábẹ́ aṣọ òkè tí bàbá wọn rà fún mi. Ọ́gọ́ọ̀sì kọjá. Ní ọjọ́ kan ní oṣù Ọ̀kítóbà, ó kó gbogbo ìwé náà sínú àpò sìmẹ́ńtì, ó so ó lẹ́nu, ó gbé e sí àjà. Kò sunkún lójú mi. Ó ní, ó dà bí ẹni pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ, Ìyá. Mo ní, fi í fún Ọlọ́run.

Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé kò ní í dúró sí ilé wa. Hẹdimásítà Emmanuel ní òun kò ti wí? Josephine tó wà ní ilé ìgbòògùn àti Festus káfíńtà tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn nítorí Comfort. Wọ́n fi í sílẹ̀. Festus kó ìwé tirẹ̀ fún Ìyá Alákàrà, ọ̀pọ̀ oṣù la fi ń jẹ àkàrà nínú ìwé ìṣirò. Bàbá Josiah gun orí àga ìwàásù, ó ní kí a ṣọ́ra fún ilé tí kò ní òrùlé àti olùkọ́ tí kò ní ojú, pé arábìnrin kan láàárín wa ti rí i. Gbogbo ojú yíjú sí Comfort. Ó tẹ orí ba, ó ń tún aṣọ ọmọ ṣe. Èmi jókòó tì í. Títí di òní, bí ẹ bá dé ìletò wa, bí ẹ bá dárúkọ ilé-ìwé orí póòsì, wọn á sọ fún yín pé gbájúẹ̀ ni, pé àwọn mọ̀ ọ́n dájú. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ mi ti mọ̀ ọ́n.

Ó dúró sí Grade Two. Agnes tí ó kọ́ ní kíláàsì kẹrin lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó padà wá di ọ̀gá rẹ̀, Comfort ń pè é ní Mà. Ó ń fún un ní ìwé ìmúra iṣẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé kí ó fọwọ́ sí i. Mo ń wò ó.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Nínú kíláàsì ló ti ṣubú, wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀wọ̀, ó lo ọjọ́ mọ́kànlá. Bọ́sẹ̀, ọmọ rẹ̀ àgbà, ti parí girama, kò rí yunifásítì wọ̀, ó ti gba fọ́ọ̀mù irú ilé-ìwé yẹn, ó mú un wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ìyá rẹ̀ rí i. Comfort ní kí ó má dán an wò. Ó ní wọ́n tan òun, wọ́n fi òun ṣe ẹlẹ́yà, kí ó jọ̀ọ́ má jẹ́ kí wọ́n tan án bí wọ́n ṣe tan òun. Bọ́sẹ̀ ká fọ́ọ̀mù náà. Nígbà tí ọmọ náà jáde, Comfort di ọwọ́ mi mú. Ó ní, Ìyá, ẹ ṣé tí ẹ gbé iṣu lọ, nínú gbogbo wọn, ẹ̀yin nìkan lẹ gbà mí gbọ́. Mo la ẹnu mi. Ọlọ́run mọ̀ pé mo là á. Nọ́ọ̀sì wọlé láti wo omi tó ń kán sí i lára, mo sì pa á dé. Ọjọ́ kejì ni ó kú, ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Gabriel, àbúrò Samuel, ló kọ ìtàn ayé rẹ̀ tí wọn yóò kà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí wọ́n tó gbé e lọ tẹ̀, ó mú un wá sí yàrá mi, ó kúnlẹ̀, ó kà á fún mi láti òkè dé ilẹ̀. Ó dára. Ó dé ibì kan, ó kà pé olóògbé gbìyànjú láti fi kún ìmọ̀ rẹ̀ nípasẹ̀ ilé-ìwé orí póòsì, ṣùgbọ́n ó ṣubú sọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́tàn. Ó bi mí pé, Màmá, ṣé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ẹ fẹ́ kí a yọ tàbí kí a fi kún un? Àpótí náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí mo jókòó lé. Mo ní rárá, ó dára bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn lé lórí. Fọ́ọ̀mù Bọ́sẹ̀ ṣì wà nínú Bíbélì ìyá rẹ̀. Ìparí oṣù yìí ni wọn yóò gbà á mọ. Bàbá rẹ̀ ní ohun tó pa ìyá rẹ̀ kò ní í pa á, kí ó lọ kọ́ aṣọ rírán. Bí mo bá kó lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síwájú wọn, Bọ́sẹ̀ á mọ̀ pé òótọ́ ni ilé-ìwé náà, á sì mọ ohun tí ìyá àgbà rẹ̀ jẹ́. Samuel lè ní kí n máa lọ, n kò sì ní ilé mìíràn, n kò ní ọmọ mìíràn tó kù láyé. Ìyẹn kò bà mí lẹ́rù tó ojú ọmọ náà. Bí mo bá dákẹ́, yóò gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ tó ti kú lẹ́nu, orí irọ́ tèmi ni yóò sì fi ìgbésí ayé rẹ̀ lélẹ̀. Àwọn kan nínú yín á ní kí n fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́ fún un ní ìkọ̀kọ̀ kí n má jẹ́wọ́. Mo ti rò ó. Ṣé èmi náà ni kí ó tún máa fi lẹ́tà pamọ́? Ṣé kí n sọ fún Bọ́sẹ̀ nìkan? Ṣé kí n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí Josephine àti Festus yóò ti gbọ́? Ṣé òkú lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀? Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé láti ilé yín tí wọ́n ń fi yín rẹ́rìn-ín, kí ni kí n ṣe? Ẹ má ṣe tìtorí ọjọ́ orí mi fi ọ̀rọ̀ dídùn bò mí. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Òbí kì í mọ sàréè ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ wa, nítorí náà n kò bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n fi mí sí yàrá, Ìyá Alice jókòó tì mí. Wọ́n gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ nígbà tí Gabriel ka ibi tí ó ní àwọn ẹlẹ́tàn, mo gbọ́ bí ìjọ ṣe pòṣé. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni, aago mọ́kànlá òwúrọ̀, ni a sin Comfort.